Àpérò ọlọ́jọ́ mẹ́ta àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà: bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ṣe rí lójú mi

Etí ọ̀tún nìkan ni mo fi ń gbọ́ràn dáadáa. Ti òsì ti ń kú díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Nítorí náà, yàrá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yòówù kí n wọ̀, ibi tí màá jókòó ni mo kọ́kọ́ ń wá: ìlà kejì, lápá òsì, kí etí tó ń gbọ́ lè kọjú sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹ lè mọ ibi tí mo ti ń wo àpérò yìí. Ohun tí ẹlòmíràn lè gbójú fò, bíi gbohùngbohùn tí kò dé ọwọ́ ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀, lè sọ owó tíkẹ́ẹ̀tì mi di òfò.

Ohun kejì tí mo gbé lọ síbẹ̀ ni ìṣòro. Iṣẹ́ mi ni títọ́jú dátábéèsì, ibi tí sọ́fítíwíà ń kó ìsọfúnni pamọ́ sí, PostgreSQL sì ni irú èyí tí mo ń tọ́jú; ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ọ̀kan nínú àwọn dátábéèsì wa ti ń wú lójoojúmọ́. À ń pa ìlà rẹ́ nínú tábìlì, ṣùgbọ́n àyè tí ìlà náà fi sílẹ̀ kò ṣe é lò fún òmíràn. Kúẹ́rì, ìyẹn ìbéèrè tí à ń bi dátábéèsì, tó ń gba ìṣẹ́jú-àáyá kan tẹ́lẹ̀ di ohun tó ń gba ogún ìṣẹ́jú-àáyá. PostgreSQL ní agbálẹ̀ tirẹ̀, àṣẹ tí wọ́n ń pè ní VACUUM. Agbálẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́, à ń rí i nínú àkọsílẹ̀ pé ó wọlé, ó sì jáde, ṣùgbọ́n pàǹtírí wà níbẹ̀ bó ṣe wà. A pa sáfà náà, a tún un tàn, lẹ́ẹ̀mejì. A wo fídíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí ojú fi ń ta wá, kò sí èyí tó bá tiwa mu. Mo wá kọ ìṣòro náà sí ojú ewé kìn-ín-ní ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo sì ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Bí wọ́n ṣe to àpérò náà nìyí: gbọ̀ngàn ńlá kan, yàrá kéékèèké mẹ́ta, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìṣẹ́jú 40 fún ọjọ́ méjì, wọ́kìṣọ́ọ̀pù ní ọjọ́ kẹta. Nínú ìṣẹ́jú 40 náà, 35 ni ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀, 5 ni ti ìbéèrè. Mo lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ 13 àti wọ́kìṣọ́ọ̀pù kan. Èyí tó bá lápẹẹrẹ nìkan ni màá sọ.

Ọ̀rọ̀ ìṣíde àárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní kò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ jí ní kùtùkùtù. Fídíò tí wọ́n ti ká sílẹ̀ ni wọ́n fi ṣe gbogbo àfihàn, inú mi ò sì dùn sí i, torí àfihàn ojúkojú jẹ́ ogún tí àwọn tó ṣáájú fi lé wa lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1968, ní San Francisco, Douglas Engelbart jókòó níwájú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú bí 90. Ó fi máósì hàn wọ́n, ó fi hypertext, ọ̀rọ̀ tí a lè tẹ̀ kó gbé wa lọ síbòmíràn, hàn wọ́n, ó sì fi bí èèyàn méjì tó wà níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe lè jọ ṣiṣẹ́ lórí ojú ewé kan náà hàn wọ́n. Kọ̀ǹpútà tó ń lò gan-an kò sí nínú gbọ̀ngàn yẹn, Menlo Park ló wà. Gbogbo rẹ̀ lè dojú rú nígbàkigbà, gbogbo ẹni tó jókòó síbẹ̀ ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Fídíò tí wọ́n ti gé tí wọ́n ti tò kò lè mú kí àyà èèyàn já bẹ́ẹ̀ láé.

Aago mọ́kànlá ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo tìtorí rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀, ní yàrá kejì. Àkọlé rẹ̀ kò pariwo rárá: ohun tó ń dí VACUUM lọ́wọ́. Ẹni tó sọ ọ́ kò fi ìtàn ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sì fi àmì ilé-iṣẹ́ rẹ̀ hàn wá. Ó ṣí téminà, ó dá tábìlì kan, ó kó ìlà mílíọ̀nù kan sínú rẹ̀, ó fi UPDATE yí gbogbo wọn padà, ó wá bi wá pé ẹ̀dà ìlà mélòó ló wà nínú fáìlì náà báyìí. Ọ̀pọ̀ dáhùn pé mílíọ̀nù kan. Mílíọ̀nù méjì ni.

Nínú PostgreSQL, UPDATE kì í kọ tuntun lé àtijọ́ lórí. Ẹ̀gbẹ́ ibòmíràn ló ń kọ tuntun sí, ó sì ń fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó bá ṣì ń kà á lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí òǹkàwé kì í fi í dí òǹkọ̀wé lọ́nà. Àǹfààní ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ padà wá gbá ohun tó kù sílẹ̀, òun ni VACUUM. Agbálẹ̀ yìí kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìlà tí transaction kan (àkójọ àṣẹ tí dátábéèsì ń ṣe pọ̀ bí iṣẹ́ kan ṣoṣo) tí kò tíì parí ṣì lè fẹ́ rí.

Láti ibẹ̀ ló ti gbé wa dé ọ̀rọ̀ nọ́ńbà. Nọ́ńbà oníbíìtì 32 ni transaction kọ̀ọ̀kan ń gbà, ìyẹn ni pé gbogbo nọ́ńbà tó wà kò ju bílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀ lọ. Bí ọwọ́ aago ni wọ́n ṣe ń yípo. Láti ibi tí ọwọ́ náà bá wà, bílíọ̀nù bíi méjì tó wà lẹ́yìn jẹ́ àná, bílíọ̀nù bíi méjì tó wà níwájú jẹ́ ọ̀la. Bí ìlà kan bá pẹ́ jù tí agbálẹ̀ kò sì tíì sàmì sí i pé ó ti di ti gbogbo ìgbà, ọwọ́ aago á yí kọjá rẹ̀, ìlà tí wọ́n ti kọ láti ọjọ́ pípẹ́ á wá dà bí èyí tí wọn ò tíì kọ, kò sì sẹ́ni tí yóò rí i mọ́. Kí èyí má bàa ṣẹlẹ̀, autovacuum, ìyẹn VACUUM tó ń dá ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ń dìde tipátipá bí ọjọ́ orí tábìlì bá ti kọjá mílíọ̀nù 200 transaction. Láti ẹ̀dà 14, bí nọ́ńbà tó ṣẹ́ kù kò bá tó mílíọ̀nù mẹ́ta, dátábéèsì kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni kọ ohunkóhun sínú rẹ̀ mọ́. Mo ti ka gbogbo èyí nínú ìwé ìtọ́sọ́nà rí. Ṣùgbọ́n olùdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ya aago ńlá kan sórí pátákó, ó ń fi ìka yí ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń dárúkọ ohun tí a kò lè rí mọ́ bó ṣe ń yí i. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ mí lára.

Mo nawọ́ nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹni tó ń darí yàrá náà pe ẹni méjì ṣáájú mi, àkókò sì tán. Mo tẹ̀ lé olùdánilẹ́kọ̀ọ́ náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí yẹ kí n yìn. Nínú ìwé ìléwọ́ àpérò náà, wọ́n kọ ìlànà kan tí Eric Holscher dábàá, tí wọ́n ń pè ní ìlànà Pac-Man: bí ẹ bá dúró yí ka láti sọ̀rọ̀, ẹ fi àlàfo ẹnìkan sílẹ̀ bí ẹnu Pac-Man, kí àlejò lè wọlé. Àwọn èèyàn sì tẹ̀ lé e ní tòótọ́. Mo dé ibẹ̀, àlàfo wà, mo wọ̀ ọ́. Mo ṣàlàyé fún wọn pé etí òsì mi kò gbọ́ràn, ẹnìkan sì bá mi pààrọ̀ àyè láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́.

Mo ka ojú ewé kìn-ín-ní ìwé mi fún un.

Ó ní, “Ṣé ẹ ti wo àwọn transaction tó ti pẹ́ jù?”

“A ti wò ó nínú pg_stat_activity. Kò sí èyí tó ju ìṣẹ́jú méjì lọ.”

“Ṣé ẹ ti pa sáfà náà kí ẹ tún un tàn?”

“Lẹ́ẹ̀mejì.”

“Kò sì yàtọ̀?”

“Kò yàtọ̀ rárá.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ wo pg_prepared_xacts.”

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo àwa tó dúró síbẹ̀: àkójọ àwọn transaction tí wọ́n ti múra sílẹ̀ tí wọn ò tíì parí ni. Bí iṣẹ́ kan bá kan dátábéèsì ju ẹyọ kan lọ, PREPARE TRANSACTION ń jẹ́ kí kálukú wọn kọ́kọ́ ṣèlérí pé òun ti ṣetán, kí àṣẹ ìkẹyìn, COMMIT PREPARED, tó wá tẹ̀ lé e. Orí dísíìkì ni ìlérí yìí ń gbé. Bí sáfà kú, ìlérí kò ní kú, torí ohun tí wọ́n dá a fún gan-an nìyẹn. Kì í hàn nínú pg_stat_activity, àkójọ àwọn tó ń bá dátábéèsì ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, torí kò sí ẹni tó di okùn rẹ̀ mú mọ́. Bí sọ́fítíwíà tó ṣèlérí bá sọnù kó tó padà wá parí ọ̀rọ̀, ìlérí náà á jókòó síbẹ̀, á sì máa sọ fún agbálẹ̀ lójoojúmọ́ pé kó má tíì gbálẹ̀, òun ṣì nílò gbogbo rẹ̀.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo ṣí láptọ́ọ̀pù, mo wọlé sí sáfà wa. Ìlà kan ṣoṣo ló jáde, ọjọ́ 44 ló ti lò níbẹ̀. Mo pe ọ̀gá mi. Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án títí òun yóò fi mọ ẹni tó ni ín. Wákàtí kan lẹ́yìn náà, ó pè mí padà: sọ́fítíwíà ìdánwò kan tí wọ́n ti pa tì ló fi í sílẹ̀. Mo lo ROLLBACK PREPARED, àṣẹ tó ń fagi lé ìlérí náà, lẹ́yìn rẹ̀ VACUUM. Fáìlì náà kò kéré sí i lórí dísíìkì, torí VACUUM lásán kì í sábà dá àyè padà fún ẹ̀rọ, ńṣe ló ń sọ ọ́ di àyè tí ìlà tuntun lè lò. Ṣùgbọ́n wíwú náà dáwọ́ dúró. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jókòó, mo ń wo bí iye òkú ìlà ṣe ń já wálẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Bí ẹ bá bi mí pé ṣé àpérò náà tó owó tí wọ́n gbà, èsì mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí èsì náà ti wá: ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Ìṣẹ́jú 5 fún ìbéèrè kéré jù fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó jinlẹ̀ báyìí. Ohun tó wà nínú ìṣẹ́jú 35 yẹn, n óò rí i nínú fídíò bó pẹ́ bó yá. Ìbéèrè tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bi mí padà ni mi ò lè rí níbòmíràn. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 25 àti ìbéèrè ìṣẹ́jú 15, ohun tí n bá fún wọn nímọ̀ràn nìyẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, mo gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lórí lẹ́tà tí mi ò retí rárá. Ọmọbìnrin kan ló sọ ọ́, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ lórí pèpéle ni, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tó ń so wáyà mọ́ láptọ́ọ̀pù. Ó kọ lẹ́tà kan gàgàrà sójú síkírínì, ó ní kí a sọ iye kóòdù Unicode, ìyẹn ètò tó ń fún lẹ́tà àti àmì gbogbo èdè ní nọ́ńbà, tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà náà ni ẹ́. Ẹ fojú inú wo bí àyà mi ṣe là!

Èsì rẹ̀ ni pé ó kù sí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. O lè kọ ẹ, tó jẹ́ U+1EB9, kí o fi àmì òkè, U+0301, lé e. O lè kọ é, U+00E9, kí o fi àmì ìsàlẹ̀, U+0323, sí i. O lè kọ e lásán kí o fi àmì ìsàlẹ̀ ṣáájú, kí ti òkè tẹ̀ lé e, tàbí kí ti òkè ṣáájú ti ìsàlẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin nìyẹn, ojú kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, Unicode fúnra rẹ̀ sì kà wọ́n sí ohun kan náà. Ṣùgbọ́n bí sọ́fítíwíà bá ń fi báìtì wé báìtì, nǹkan mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ó fi èdè Vietnam wé e: ế tiwọn ní kóòdù ẹyọ kan, U+1EBF. ẹ́ kò ní, kò sì ní í ní in, torí Unicode kì í gba irú lẹ́tà tí a ti so pọ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé mọ́.

Lẹ́yìn náà ló wá fi ohun tó ń tìdí rẹ̀ yọ hàn. Ẹnìkan fi fóònù forúkọ sílẹ̀, ó padà wá láti orí kọ̀ǹpútà, wọ́n ní àwọn kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ kan náà ni, àmì kan náà, kíbọọ̀dù ló yàtọ̀. Àtúnṣe tó dábàá kò le: kí gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá wọlé gba NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ọ̀kan, kọjá kó tó dé dátábéèsì, ohun tó ń wá a náà kó gba ibẹ̀ kọjá. Bó bá jẹ́ pé iye lẹ́tà lo fẹ́ kà, má ka kóòdù, ka ohun tí ojú rí. Nínú JavaScript, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ sọ́fítíwíà, Intl.Segmenter wà fún un. Ó bẹ̀ wá pé kí a má ṣe máa gé àmì dànù láti gba ara wa lọ́wọ́ wàhálà. Mo fẹ́ dìde pàtẹ́wọ́ níbẹ̀, torí mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ nígbà tí wọ́n bá gé àmì orí wọn.

Ó tún sọ bí Ken Thompson àti Rob Pike ṣe gbé UTF-8, ọ̀nà tí a fi ń sọ kóòdù Unicode di báìtì, kalẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992, tí wọ́n kọ́kọ́ fà á yọ sórí bébà tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì ní ilé oúnjẹ kan ní New Jersey. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló lò lórí ìyẹn. Mi ò rò pé ó pọ̀ jù, torí ohun tí wọ́n yà lálẹ́ yẹn ló gbé ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kà yìí dé ọ̀dọ̀ yín. Ọwọ́ rẹ̀ ti dúró gírí nígbà tó parí. Nínú gbogbo ohun tí mo gbọ́, òun ni màá fi sípò kejì.

Ọjọ́ kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́ kékeré. Yàrá tó kéré jù ni wọ́n fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ààbò sí, èyí tó dá lórí xz, sọ́fítíwíà tó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré, bẹ́ẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ gbọ́. Àwọn tó lé ní ọgbọ̀n ni wọ́n dá padà lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò sì gbé ohùn tàbí àwòrán rẹ̀ lọ sí yàrá mìíràn. Mo rí ibi dúró lẹ́yìn pátápátá. Ohun tí mo rí mú níbẹ̀ tó, torí ìtàn náà fúnra rẹ̀ lágbára. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Andres Freund, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ PostgreSQL, ṣàkíyèsí pé wíwọlé pẹ̀lú SSH, ọ̀nà tí a fi ń wọ sáfà láti ọ̀nà jíjìn, ń pẹ́ tó nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ju bó ṣe yẹ lọ. Ó tọpa ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá yìí títí ó fi bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí wọ́n rì mọ́ inú xz, ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Ẹni tó fi í síbẹ̀ ti lo ọdún bíi méjì láti di ẹni tí gbogbo èèyàn gbẹ́kẹ̀ lé nínú iṣẹ́ náà. Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ náà sọ̀tàn yìí dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tó kan ohun tí àwa lè ṣe lọ́la, ó sáré kọjá. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ jù ni bí èèyàn ṣe lè ran ẹni tó ń dá nìkan tọ́jú irú kóòdù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kí ó tó rẹ̀ ẹ́.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tó kàn lẹ́yìn ìyẹn. Àkọlé rẹ̀ ṣèlérí pé wọn yóò kọ́ wa bí a ṣe ń wá ìdí tí sáfà fi ń falẹ̀. Ìṣẹ́jú keje, ó ti di ìpolówó ọjà. Onígbọ̀wọ́ àpérò ni ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀, mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ẹjọ́ mi wà lọ́dọ̀ àwọn tó to ètò náà, torí kò sí ibì kankan nínú ìwé ìléwọ́ tí wọ́n ti kọ ọ́ pé onígbọ̀wọ́ ló ni wákàtí yẹn. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta mìíràn ń lọ lọ́wọ́ lákòókò kan náà. Mo dìde, mo jáde, ṣùgbọ́n èyí tí n bá lọ ti dé ìdajì. Láti ìgbà náà, mo ti ní òdiwọ̀n kan tí mo fi ń yan: mo ń ka àlàyé ìdánilẹ́kọ̀ọ́, mo ń wá ibi tí ẹni náà ti sọ ohun tó bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí mi ò bá rí i, mo ń lọ sí yàrá mìíràn.

Ọ̀rọ̀ etí wá kàn. Nínú gbọ̀ngàn ńlá, èèyàn ẹlẹ́ran ara ló ń tẹ gbogbo ohun tí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ ń sọ sójú síkírínì bó ṣe ń sọ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pàtàkì tó ń jẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ yìí lè tẹ ju ọ̀rọ̀ 200 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ìtura tó wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí etí rẹ̀ méjèèjì pé. Èjìká mi wálẹ̀. Mo gbé ojú kúrò lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, mo wo kóòdù. Ní yàrá mẹ́ta tó kù, ẹ̀rọ ló ń kọ ọ́. Ẹ̀rọ náà sọ Postgres di “post grass”, ó sọ cache di “cash”, ìyẹn ṣe é fara dà. Èyí tí kò ṣe é fara dà ni ti ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí ẹnìkan kìlọ̀ pé kí a má ṣe pa fsync, ètò tó ń rí i dájú pé ohun tí a kọ dé orí dísíìkì, láé, tí ẹ̀rọ sì kọ ọ́ sójú síkírínì pé kí a pa á. Ọ̀rọ̀ “má ṣe” ló jábọ́. Ẹni tó bá gba ìmọ̀ràn ojú síkírínì yẹn, ọjọ́ tí iná bá lọ lójijì, dátábéèsì rẹ̀ lè bà jẹ́ kọjá àtúnṣe.

Ọjọ́ kẹta ni mo lọ sí wọ́kìṣọ́ọ̀pù lórí flame graph, àwòrán tó ń fi ibi tí sọ́fítíwíà ti ń lo àkókò hàn: wákàtí mẹ́ta, èèyàn 24, olùrànlọ́wọ́ méjì. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò dára. Aago mẹ́wàá alẹ́ àná ni ìmeèlì dé pé kí a wa fáìlì gígábáìtì mẹ́ta kan sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló rí i láàárọ̀. Èèyàn 24 bẹ̀rẹ̀ sí í wà á lórí wáì-fáì kan náà, kò sí èyí tó ń lọ. Ogójì ìṣẹ́jú ti lọ kí olùrànlọ́wọ́ kan tó mú fúláàṣì dé, tí a sì ń fi lé ara wa lọ́wọ́.

Ohun tó kù lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ìkọ́ni tó dára jù tí mo ti jókòó sí. Kí ó tó ṣí ohunkóhun, olùkọ́ náà fún wa ní sọ́fítíwíà kékeré kan tó ń falẹ̀, ó ní kí kálukú ka kóòdù náà, kí ó kọ ohun tó rò pé ó fà á sórí bébà, kí ó ká a pọ̀. Lẹ́yìn náà ló fi perf, irinṣẹ́ tó ń wọn bí sọ́fítíwíà ṣe ń lo àkókò, wọn ọ́n. Ó tò ó kí ó máa yọjú wo ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe nígbà 99 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo béèrè ìdí tí kò fi jẹ́ 100, torí mo ti ń rí 99 yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní ọ̀pọ̀ iṣẹ́ nínú ẹ̀rọ ló ń lọ ní ìdọ́gba pẹ̀lú aago, bíi lẹ́ẹ̀kan ní ìdá ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ìwọ náà bá ń yọjú ní ìdọ́gba kan náà, ìgbà gbogbo lo máa bá wọn nídìí ohun kan ṣoṣo, tàbí kí o má bá wọn rárá. 99 ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín má bára mu.

Brendan Gregg ló dá flame graph sílẹ̀ ní 2011. Àwòrán iná ni, pẹpẹ lórí pẹpẹ, fọ́ńṣọ̀n tó pe òmíràn wà nísàlẹ̀ èyí tó pè. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ń kà á bí ẹni pé àkókò ló ń lọ láti òsì sí ọ̀tún. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtò a-b-d ni ti òsì sí ọ̀tún. Fífẹ̀ nìkan ló ṣe pàtàkì: bí pẹpẹ kan bá ṣe fẹ̀ tó ni perf ṣe bá a lẹ́nu iṣẹ́ tó. Nínú àwòrán tiwa, pẹpẹ kan gba ìdajì ojú síkírínì: regex kan, ìyẹn àwòṣe tí a fi ń wá ọ̀rọ̀, tí wọ́n ń tò pọ̀ lákọ̀tun nínú lúùpù, ní gbogbo ìgbà tó bá yípo. A tú bébà wa. Nínú 24, ẹni mẹ́ta ló gbà á. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oníṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn àpérò dùn, mẹ́jọ ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí mo lè sọ fún yín lónìí.

Bí mo bá fẹ́ fi nọ́ńbà sí i, mẹ́rin nínú márùn-ún ni màá fún àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, méjì nínú márùn-ún fún ìtò yàrá àti ìfitónilétí, márùn-ún pé fún àwọn tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sójú síkírínì ní gbọ̀ngàn ńlá. Ẹni tó bá ń lọ láti gbọ́ ohun tuntun lásán, kó dúró de fídíò. Ẹni tí ìṣòro kan ń jí lóru, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó gbé e lọ.

Fídíò jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ṣí ti dátábéèsì wò. Ó parí síbi àtẹ́wọ́, kò sí ìbéèrè kankan nínú rẹ̀. Mo wo ti ọmọbìnrin Unicode, bákan náà. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣètò àpérò náà nípa nǹkan méjì: ọ̀rọ̀ fsync tí ẹ̀rọ ṣì kọ lódì sísàlẹ̀ fídíò, àti ìbéèrè tí wọ́n gé kúrò. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tún ti fsync ṣe, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ní ti ìbéèrè, wọ́n ní àwọn kò gé e. Gbohùngbohùn kò sí lọ́wọ́ àwọn tó ń béèrè, nítorí náà kò sí ohùn tí ẹ̀rọ ká.